Eré Ìdárayá àti Ẹ̀kọ́ Àwọn Ọ̀dọ́ ní Accra

Ní Accra, olú-ìlú Ghana, ó ti pẹ́ tí eré ìdárayá àti ẹ̀kọ́ ti ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn ọ̀dọ́. Jamestown, àdúgbò tí kò jìnnà sí ọjà Makola, ni wọ́n ti bí Arthur Wharton ní ọdún 1865. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìhìnrere ló gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n eré ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ní ọdún 1886, ó sáré yáàdì 100 ní ìṣẹ́jú àáyá 10. Lẹ́yìn náà, ó di agbábọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ jẹun. Ó ti pa ẹ̀kọ́ tì; nígbà tí agbára eré tán, ibi ìwakùsà èédú ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó kú ní ọdún 1930, sàréè rẹ̀ kò sì ní òkúta àmì títí di ọdún 1997.

Ní ọdún 1999, Tom Vernon dá Right to Dream sílẹ̀ ní Accra, níbi tí bọ́ọ̀lù àti ìwé ti jọ ń rìn. Láti ibẹ̀ ni Abu Danladi ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama ní California, ó sì wọ Yunifásítì UCLA. Ní ọdún 2017, òun ni ẹgbẹ́ Minnesota United kọ́kọ́ mú nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ MLS ń yan agbábọ́ọ̀lù láti yunifásítì. Ẹni tí bọ́ọ̀lù kò bá gbè níbẹ̀ ṣì ní ìwé lọ́wọ́. Agbára ẹsẹ̀ ní ìgbà tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ ni ó ń báni dé ọjọ́ alẹ́.