Ààlà Inú Dísíìkì: Wíwá Ààyè fún Ètò Aṣàkóso Kejì, 1983 sí 2007

Èrò tí ó wọ́pọ̀ ni pé bí dísíìkì kọ̀ǹpútà ṣe ń tóbi sí i ni ètò aṣàkóso kejì ṣe ń rí ibi gbé nínú rẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú èrò yìí, ṣùgbọ́n ìtàn fi hàn pé títóbi nìkan kò tó. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni ọgbọ́n tí wọ́n fi ń sún ààlà láì ba ohun tí ó ti wà nílẹ̀ jẹ́.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1983, IBM gbé kọ̀ǹpútà PC XT jáde pẹ̀lú dísíìkì líle mẹ́gábáìtì 10 àti DOS 2.0. Ní ìbẹ̀rẹ̀ dísíìkì náà gan-an ni wọ́n fi àtẹ ìpín sí. Ìlà mẹ́rin péré ni ó ní, báìtì 16 fún ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìlà kọ̀ọ̀kan sọ ibi tí ìpín kan ti bẹ̀rẹ̀, bí ó ti gùn tó, irú ètò tí ó ni ín, àti bóyá òun ni kọ̀ǹpútà yóò ké sí nígbà tí wọ́n bá tàn án. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, nígbà náà, ni ìlànà ti gba ju ètò kan lọ láàyè.

Ṣùgbọ́n FDISK, irinṣẹ́ ìpín náà, kò lè sún ààlà. Ẹni tí ó ti fi gbogbo dísíìkì fún DOS ní láti pa ìpín náà rẹ́ kí ó tó lè pín in lọ́tun. Ó ní láti kọ́kọ́ da àwọn fáìlì rẹ̀ kọ sí dísíìkì pẹlẹbẹ, bí 28 nínú irú tí ń gba kílóbáìtì 360, bí mẹ́gábáìtì 10 náà bá kún. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Nígbà tí Linus Torvalds gbé Linux jáde ní Helsinki ní ọdún 1991, dísíìkì ti tóbi lọ́pọ̀ ìlọ́po, síbẹ̀ ìpín DOS kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń gba gbogbo rẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1990 ni FIPS, tí Arno Schäfer kọ, wá ṣí ọ̀nà sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Oní-kọ̀ǹpútà yóò kọ́kọ́ fi irinṣẹ́ mìíràn kó àwọn fáìlì tí ó fọ́n káàkiri jọ sí iwájú. FIPS yóò wá yẹ ẹ̀yìn wò bóyá ó ṣófo, yóò sì tún iye tí ó wà nínú àtẹ ìpín àti ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpín DOS kọ. Kì í fọwọ́ kan fáìlì kankan. PartitionMagic, tí ilé-iṣẹ́ PowerQuest ń tà, tẹ̀ síwájú ní tirẹ̀: òun fúnra rẹ̀ ní ń kó fáìlì kúrò lójú ọ̀nà. Ní ọdún 2007, Windows Vista fi irinṣẹ́ tí ń dín ìpín kù sínú ara rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé fáìlì tí kò ṣeé gbé ṣì lè dí i lọ́wọ́.

Ní kúkúrú, ìlà mẹ́rin ti ọdún 1983 fún àlejò ní ẹ̀tọ́ láti wọlé, ṣùgbọ́n kò fún un ní yàrá. Àwọn tí ó kọ́ onílé bí yóò ṣe súnra kì láì pàdánù ẹrù rẹ̀ ni ó sọ ẹ̀tọ́ náà di ohun tí ó ṣeé lò.