Ìwé Oúnjẹ Tí Àwọn Tí Ebi Ń Pa Kọ



Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa ní ìtàn Ogun Àgbáyé Kejì nílé ẹ̀kọ́. Orúkọ àwọn ọ̀gágun àti ọdún ogun ni a há sórí. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa pé ìwé oúnjẹ kan wà nínú ìtàn náà. Òun ni mo mú wá lónìí.

Obìnrin Júù kan wà ní Tsẹkoslofákíà, Mina Pächter lorúkọ rẹ̀. Ọdún 1872 ni wọ́n bí i. Ó kàwé, ó sì mọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà dáadáa. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Hitler gba ilẹ̀ náà ní 1939, Anny Stern, ọmọ rẹ̀ obìnrin, múra láti sá lọ sí Palẹstínì. Ó bẹ ìyá rẹ̀ pé kí wọ́n jọ lọ. Ìyá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní igi tó ti dàgbà kò ṣeé hú lọ gbìn síbòmíràn, àti pé ta ni yóò fọwọ́ kan arúgbó? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pínyà. Wọn kò fojú kan ara wọn mọ́.

Wọ́n kó Mina lọ sí Terezín, ìlú olódi kan tí kò jìnnà sí Prague. Láti ìparí 1941 ni wọ́n ti ń kó àwọn Júù jọ síbẹ̀. Nǹkan bí 140,000 ènìyàn ni wọ́n kó wá. Bíi 33,000 kú síbẹ̀ nítorí ebi àti àìsàn. Wọ́n sì kó bíi 88,000 lọ sí Auschwitz àti àwọn àgọ́ ikú mìíràn. Àwọn arúgbó ni oúnjẹ wọn kéré jù, torí pé wọn kò lè ṣiṣẹ́ mọ́.

Kí làwọn obìnrin ń ṣe níbẹ̀? Wọ́n ń fẹnu dáná. Ọ̀kan á ní báyìí ni òun ṣe ń se pẹ́pẹ́yẹ ńlá fún ọdún. Èkejì á ní rárá o, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sè é. Wọ́n á bára wọn jiyàn lórí ìkòkò tí kò sí. Mina àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá kọ ọ́ sórí àjákù ìwé, wọ́n sì fi òwú gán an pọ̀. Àkàrà òyìnbó pọ̀ nínú rẹ̀. Níbòmíràn, wọ́n gbàgbé láti kọ ohun kan tó yẹ kó wà nínú oúnjẹ náà: ebi ti wọ inú iyè wọn.

Èdè Jámánì ni wọ́n fi kọ púpọ̀ nínú rẹ̀, èdè àwọn tó ń pa wọ́n. Oúnjẹ ibẹ̀ sì ni oúnjẹ táwọn aládùúgbò wọn tí kì í ṣe Júù náà ń jẹ. Ará ìlú ni wọ́n ka ara wọn sí. Hitler ló ní wọn kì í ṣe ará ìlú.

Ní 1944, ebi pa Mina kú. Ọjọ́ Ètùtù ló bọ́ sí, ọjọ́ táwọn Júù máa ń fínnúfíndọ̀ gbààwẹ̀. Kó tó kú, ó fa ẹrù kékeré kan lé ọ̀rẹ́ rẹ̀, Arthur Buxbaum, lọ́wọ́ pé kó bá òun fi fún Anny. Kò mọ àdírẹ́sì ọmọ rẹ̀. Buxbaum yè é. Ní 1960, ó rí ẹni bá a gbé e lọ sí Ísírẹ́lì, àmọ́ Anny ti kọjá sí Amẹ́ríkà. Nǹkan bí ọdún 25 lẹ́yìn ikú Mina ni ẹnì kan tí Anny kò mọ̀ rí tẹ̀ ẹ́ láago ní New York pé ẹrù ìyá rẹ̀ wà lọ́wọ́ òun. Fọ́tò, lẹ́tà àti ìwé tí wọ́n gán pọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ó pẹ́ púpọ̀ kí Anny tó lè kà á. Ní 1996, Cara De Silva tẹ̀ ẹ́ jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì. Bianca Steiner Brown, tí òun náà ti jìyà ní Terezín, ló túmọ̀ rẹ̀.

Mina ìbá kọ ẹjọ́ sílẹ̀ fún ọmọ tó bẹ̀ ẹ́ títí. Bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ ilé ló fi ránṣẹ́. Lójú tèmi, ọ̀nà tí ìyá gbà parí ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wọn nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì wà láyé, ẹ mú kàyé, ẹ lọ jókòó tì wọ́n nídìí ààrò. Ẹ kọ ọ́ lédè wa.