Nígbà tí Ìbò Jẹ́ Kèké

Kí àpótí ìdìbò tó dé ilẹ̀ wa ni ìbò ti wà: owó ẹyọ lọ́wọ́ kan, eegun lọ́wọ́ kejì, kí Ifá sọ èyí tó mú. Ìbò náà ni Bíbélì wa sọ pé ó mú Mátíà.

Irú rẹ̀ ni àwọn ará Átẹ́nì, ní ilẹ̀ Gíríìsì, fi yan ìgbìmọ̀ ẹni 500 tí ń ṣètò ọ̀rọ̀ kí ó tó dé iwájú gbogbo ìlú: ẹni 50 láti ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, fún ọdún kan péré, kò sì sí ẹni tó lè ṣe é ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láyé rẹ̀. (Obìnrin àti ẹrú kò sí níbẹ̀ o!)

Ní 1998, Anthony Barnett àti Peter Carty dá a lábàá níhìn-ín pé kí a fi ìbò mú aráàlú rọ́pò àwọn olóyè ajogún ní House of Lords. Wọn kò gbà á. Òfin 1999 lé ọ̀pọ̀ olóyè ajogún jáde, ó fi 92 sílẹ̀.

Wọ́n ní mẹ̀kúnnù kò lóye òfin. Ìbò kan náà ni wọ́n sì fi ń mú ẹni 12 tí ń dá ẹjọ́ apànìyàn ní kóòtù ilẹ̀ yìí. Àwọn kan nínú wa ti gba ìwé ìpè yẹn rí.