Ogún àti Ọgbọ̀n: Ìtàn Òṣùwọ̀n Omi Ẹ̀gbin Kan

Ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ ìlú kékeré ni ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí omi ìgbọ̀nsẹ̀ wọn kò ní ibòmíràn tí ó lè gbà lọ ju odò lọ. Òfin ọdún 1876 ti ka dída ẹ̀gbin sódò léèwọ̀, ṣùgbọ́n kò sọ bí omi náà ti gbọ́dọ̀ mọ́ tó kí ìlú tó bọ́ lọ́wọ́ ẹjọ́. Nítorí èyí ni ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ ọlọ́ba kalẹ̀ ní 1898, ìgbìmọ̀ tí kò parí iṣẹ́ rẹ̀ títí di 1915.

Ẹ̀gbin fúnra rẹ̀ kọ́ ni ó sábà máa ń pa ẹja. Àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni wọ́n ń jẹ ẹ̀gbin náà, bí wọ́n sì ti ń jẹ ẹ́ ni wọ́n ń fa ọ́síjìn inú omi tán, tí ẹja kò fi rí èémí mí. Ohun tí àwọn ibùdó ìfọmimọ́ ìgbà náà ń ṣe ni pé kí wọ́n jẹ́ kí omi kán gba àárín òkúta wẹ́wẹ́ kọjá, kí àwọn kòkòrò náà ti jẹun yó níbẹ̀ kí omi tó dé odò.

Nínú ìjábọ̀ kẹjọ rẹ̀, ní 1912, ìgbìmọ̀ náà sọ pé omi tí ó ń ti ibùdó jáde kò gbọdọ̀ ní ju 30 mílígíráàmù ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ lọ nínú lítà kan, kò sì gbọdọ̀ fa ju 20 mílígíráàmù ọ́síjìn lọ láàrin ọjọ́ 5. (Mẹ́ta àti méjì nínú ọ̀kẹ́ márùn-ún ni àwọn kọ ọ́, ẹni tí ó bá mọ ìkàyé Yorùbá yóò rẹ́rìn-ín músẹ́.) Ibi tí ogún náà ti wá kò fara sin. Wọ́n gbà pé odò tí ó bá ń fa ju 4 lọ ti ń lọ sí bíbàjẹ́, àti pé odò tí ó mọ́ níwọ̀nba ń fa 2. Bí ìwọ̀n omi odò 8 bá gba ìwọ̀n omi ibùdó kan mọ́ra, 8 lọ́nà 2 jẹ́ 16. Fi 20 kún un, ó di 36. Pín in sí ọ̀nà 9, 4 ni ó kù.

Ogún kò dá dúró, nígbà náà. Ìgbìmọ̀ náà tilẹ̀ kọ ọ́ pé kí òfin le sí i níbi tí odò bá kéré, kí a sì yọ̀ǹda gbogbo ìdánwò níbi tí omi odò bá ju ìlọ́po 500 lọ. Ṣùgbọ́n èmi tí mo fi gírámà ṣe iṣẹ́ ṣe mọ̀ pé awẹ́-gbólóhùn afarahẹ ni ó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sọnù lẹ́nu àwọn èèyàn. "Bí odò bá fi ìlọ́po mẹ́jọ jù ú lọ" bọ́ sọnù. "Ogún àti ọgbọ̀n" rìn káàkiri ayé. Ilé aṣòfin wọn kò sọ ọ́ di òfin gbogbogbòò rí, síbẹ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè é bí ẹni pé òfin ni. Nínú ìlànà tí àjọ ààbò àyíká ti ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gbé jáde ní 1991 fún omi ilé-iṣẹ́ tí ń wọ odò, 50 ni wọ́n yàn fún ọ́síjìn ọjọ́ 5, ṣùgbọ́n 30 ṣì jókòó síwájú ìdọ̀tí wẹ́wẹ́.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí mo ti kọ́ni rí, adágún ni a fi ń fọ omi ẹ̀gbin mọ́. Ní oṣù kejì ọdún kan, akẹ́kọ̀ọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ kan fi èsì ìdánwò rẹ̀ hàn mí tayọ̀tayọ̀: 18 ni. Mo bi í pé odò wo ni ó gbà á mọ́ra.

"Ẹ̀ẹ̀rùn ni, sà. Kò sí omi lódò."

Lóòótọ́, omi adágún nìkan ni ó ń ṣàn ní ojú odò náà. Àwọn obìnrin tí ń gbin tẹ̀tẹ̀ lẹ́bàá rẹ̀ ń fi ike bù ú wọ́n ebè. Ogún àti ọgbọ̀n kì í ka kòkòrò àrùn rárá, èsì ìdánwò náà kò sì sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo dá ìwé náà padà fún un, a sì jọ sọ̀kalẹ̀ lọ bá àwọn obìnrin náà.