Báwo ni fóònù ṣe ń ka àwòrán dúdú-funfun yẹn?

Àwọn ọmọ wa ń rí QR code lára páálí ọjà àti ìwé NIN tuntun, wọ́n sì ń béèrè ohun tó wà fún. Ẹ pè wọ́n wá, ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé.

Èyí tó ní ilà gbọọrọ, barcode, ló kọ́kọ́ dé. Norman Joseph Woodland àti Bernard Silver gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1952. Etí òkun ni Woodland ti fi ìka fa ilà sínú iyanrìn, ibẹ̀ ni ọgbọ́n náà ti sọ sí i lọ́kàn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà 1974, wọ́n fi ẹ̀rọ ka irú ilà bẹ́ẹ̀ lára ṣingọ́ọ̀mù ní ìsọ̀ ńlá kan nílùú Troy, ní Ohio.

Àmọ́ nọ́ńbà díẹ̀ ni ilà yẹn ń gbà. Ní Japan, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kó ẹ̀yà ara mọ́tò ń ka púpọ̀ lára páálí kan ṣoṣo, ó sì sú wọn. Ni Masahiro Hara àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Denso bá gbé QR code jáde ní 1994. Ó lè gba nọ́ńbà tó lé ní 7,000.

Báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń dá a mọ̀? Ẹ wo igun mẹ́ta rẹ̀, àpótí ńlá kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wọ̀n ọ́n gba àárín, ẹ ó rí dúdú kan, funfun kan, dúdú mẹ́ta, funfun kan, dúdú kan. Hara yẹ ìwé àti páálí oríṣiríṣi wò, ó rí i pé òǹkà yìí ṣọ̀wọ́n. Bí ilà ojú ló rí: tí àgbà bá ti rí i, ó ti mọ ilé ẹni. Igun kẹrin kò ní irú àpótí yẹn, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fi ń mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀, kódà tẹ́ ẹ bá yí ìwé náà sódì.

Lẹ́yìn náà, á ka dúdú sí 1, funfun sí 0, á wá ṣírò wọn di lẹ́tà àti nọ́ńbà. Wọ́n tún máa ń fi àlékún sí i, kí ẹ̀rọ lè rí i kà bí apá kan bá tiẹ̀ dọ̀tí tàbí ya.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kọ́mọ mọ èyí o: ẹ̀rọ ń ka ohun tí wọ́n kọ, kò mọ ẹni tó kọ ọ́. Gbájúẹ̀ lè lẹ tirẹ̀ mọ́ orí ti ọlọ́jà. Kẹ́ ẹ tó fowó ránṣẹ́, ẹ ka orúkọ tó jáde lójú fóònù sí ọlọ́jà létí. Tí kì í bá ṣe tiẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró.