Hilux tó ń wúwo: ṣé táímìnì ni, àbí differential?

Bí Hilux fọ́-wíìlì àtijọ́ tó ń lo pẹtiróòlù bá ń wúwo lójú ọ̀nà, táímìnì ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ kọ́kọ́ máa ń fẹ̀sùn kàn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ bí wọ́n bá ti fi tòkunbọ̀ pààrọ̀ differential ọkọ̀ náà rí, ibòmíràn ni ẹjọ́ lè wà, owó tí wọ́n ná sórí ẹ́ńjìnì á sì di òfo.

Gíà kékeré ló máa ń tú àṣírí. Ẹ kọ́kọ́ rí i pé bíréèkì ò há, kí ẹ wá wa ọkọ̀ náà lórí ọ̀nà eléruku tó tọ́. Bó bá wúwo ní 2H àti 4H, ẹ́ńjìnì ni kí ẹ wò. Bó bá jẹ́ 4H nìkan ló ń fà á sẹ́yìn, iwájú àti ẹ̀yìn ni kò bára mu. Ẹ má fi kọ́nà orí ọ̀dà dán an wò o, torí irú fọ́-wíìlì yìí máa ń há níbẹ̀ bí ohunkóhun ò tiẹ̀ ṣe é.

Nínú differential, pinion kékeré ló ń yí crown wheel ńlá. Bí crown wheel bá ní eyín 41, tí pinion ní 10, 4.10 nìyẹn: pùròpẹ́là á yí ní ìgbà mẹ́rin ó lé díẹ̀ kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ká ní ẹ̀yìn jẹ́ 4.10, wọ́n wá de 4.30 mọ́ iwájú. Bí táyà ẹ̀yìn bá yí ní ìgbà 100, nǹkan bíi 95 ni tiwájú máa fẹ́ yí. Nínú ẹrẹ̀, táyà á máa yọ̀, kò ní hàn. Lórí ilẹ̀ líle, táyà á jẹ tàbí kí gíà kékeré fọ́. 4.10 pẹ̀lú 4.11 kò léwu ní tiẹ̀.

Ẹni tó bá ra differential ní Ládípọ̀, kó ka eyín rẹ̀ kó tó sanwó. Ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n. Bó bá ti wà lára ọkọ̀, ẹ fi òkúta dí táyà iwájú, ẹ tú háńbíréèkì, ẹ fi gíà sí néútírà, ẹ jáàkì táyà ẹ̀yìn kan ṣoṣo, kí ẹ sì fi ìdúró tó lágbára gbé e ró. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára táyà àti pùròpẹ́là. Ẹ yí táyà náà ní ìgbà 20. Bí pùròpẹ́là bá yí ní 41, 4.10 ni; bó bá yí ní 43, 4.30 ni. Ìdí tó fi jẹ́ 20 dípò 10 ni pé táyà kejì tó wà nílẹ̀ kò yí. Fún iwájú, táyà ẹ̀yìn ni kí ẹ dí, kí ẹ fi gíà kékeré sí 2H, kí ẹ sì lọ́ọ̀kì họ́ọ̀bù. Ẹ tún wò ó bóyá ìwọ̀n táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, torí táyà nìkan lè dá irú wàhálà yìí sílẹ̀.

Táímìnì wá ńkọ́? Fún ẹ́ńjìnì 22R-E, ẹ jẹ́ kó gbóná dáadáa, kó máa sáré jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ fi wáyà kékeré so TE1 mọ́ E1, kí ẹ de tọ́ọ̀ṣì táímìnì mọ́ wáyà púlọ́ọ̀gì kìíní, kí ẹ tàn án sí púlì ìsàlẹ̀. Dígírì 5 ṣáájú òkè ló yẹ kí àmì dúró sí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tú bóòtù distributor díẹ̀, kí ẹ rọra yí i. Bó bá ti yá jù, ẹ́ńjìnì á máa kan kọ̀-kọ̀-kọ̀ bó bá ń gun òkè. Bó bá pẹ́ jù, á gbóná, á sì máa mu epo. Ẹ yọ wáyà náà tẹ́ ẹ bá ti ṣe tán.

Àwọn Hilux tó ní ẹ́ńjìnì 2TR-FE kò ní distributor tí ẹnikẹ́ni máa yí; kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é. Ti dísù ò sì ní púlọ́ọ̀gì tó ń taná rárá.