Orúkọ Ìdílé Hoàng àti Huỳnh: Orírun àti Ẹ̀ka Rẹ̀

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ní ti ìdílé tí à ń wí yìí, ìlú tí ogun tú ni wọ́n wò. Huang jẹ́ ilẹ̀ ọba kékeré kan ní ẹkùn Huangchuan, ní ìpínlẹ̀ Henan, ní Ṣáínà. Ìtàn ìdílé náà wí pé nígbà tí àwọn ará Chu, alágbára ìhà gúúsù, kó o ní ọdún 648 ṣáájú ìbí Kristi, tí ààfin sì dahoro, àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n fọ́n ká sọ orúkọ ìlú tí kò sí mọ́ di orúkọ ìdílé, kí àrọ́mọdọ́mọ wọn má baà gbàgbé orírun.

Lẹ́nu àwọn ará Kántọ́ọ̀nù, Wong ni. Lẹ́nu àwọn Teochew, Ng. Àwọn Hokkien tí wọ́n ré òkun kọjá ń kọ ọ́ ní Ooi ní Màléṣíà, ní Uy ní Filipínì. Kí ẹni tí ń wá ẹbí ṣọ́ra o: Ng ti àwọn ará Kántọ́ọ̀nù, ìdílé mìíràn ni.

Ní Vietnam, níbi tí Ṣáínà ti jọba lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún títí di ọdún 938, ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ jù. Ewé pẹ́ lára ọṣẹ, ó dọṣẹ: Huang di Hoàng, ó di ti onílẹ̀. Ní ọdún 1558 ni ìjòyè kan, Nguyễn Hoàng, lọ ṣe alákòóso Thuận Hóa, àtọmọdọ́mọ rẹ̀ sì jẹ gàba lórí gúúsù fún ohun tí ó lé ní igba ọdún. Àmì tí a fi ń kọ orúkọ olúwa yìí yàtọ̀ sí ti ìdílé náà, ṣùgbọ́n bákan náà ni wọ́n ń dún létí, bẹ́ẹ̀ èèwọ̀ ni kí mẹ̀kúnnù fi ẹnu lásán pe orúkọ olúwa rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn ará gúúsù ṣe yí ohùn padà, tí wọ́n ń wí pé Huỳnh, nígbà tí àwọn ará àríwá, tí wọ́n wà lábẹ́ àwọn olúwa Trịnh, kò jáwọ́ nínú Hoàng. Irú èèwọ̀ yìí kan náà ni ó sọ orúkọ ìdílé mìíràn, Vũ, di Võ.

Hoàng Hoa Thám, jagunjagun Yên Thế tí wọ́n pa ní ọdún 1913, àríwá ni ó ti jà. Huỳnh Thúc Kháng, tí ó di ipò ààrẹ mú ní ọdún 1946 nígbà tí Hồ Chí Minh lọ sí Faransé, ọmọ Quảng Nam ni, ní ilẹ̀ tí àwọn olúwa gúúsù ti jẹ gàba. Síbẹ̀ ààlà náà kì í ṣe odi, nítorí ọmọ Quảng Nam kan náà ni Hoàng Diệu, akin tí ó gbà pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ, tí ó pokùn so nígbà tí àwọn Faransé gba odi Hanoi mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ọdún 1882.